Ọdún Méjì Tí Mo Yọ Lára Àyànfẹ́

Sátidé, 28 oṣù Kejì

Ooru yìí fẹ́ pa èèyàn. Ọjọ́ kẹrin rèé tí wọn ò mú iná wá. Láti àárọ̀ tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù n'Ibafo, ẹni mẹ́ta péré ló wá ṣe fótókọ́pì, ọ̀kan nínú wọn tún ní òun máa mú owó wá lọ́la. Bẹntiróòlù tí mo rà sí jẹnẹrétọ̀ ju ohun tí mo pa lọ.

Àyànfẹ́ ọmọbìnrin mi pè láti Amẹ́ríkà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìdíje básíkẹ́ẹ̀tì àwọn yunifásítì ẹkùn wọn. Bí wọ́n bá gba ife yẹn, wọ́n á wọ ìdíje ńlá tí gbogbo ayé ń wò, ibẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ tó ń sanwó fún eléré ti máa ń ṣa ọmọ. Ọdún tó máa parí ìwé rẹ̀ rèé, kò sí òmíràn mọ́. Ó ní orókún òun ti sàn. Mo ní kó máa fi omi gbígbóná sí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní yìnyín ni wọ́n ń fi sí i lọ́dọ̀ àwọn. Kí wọ́n máa fi yìnyín sí i nígbà náà, kí n má sọ̀rọ̀ ju ẹnu mi lọ.

Fúráìdé, 6 oṣù Kẹta

Fúráìdé àkọ́kọ́ oṣù, gbogbo Nàìjíríà ń lọ sí Káńpù Rídíìmù fún àdúrà òru. Wákàtí méjì àbọ̀ ni mo lò láti Ibafo dé Mowe. Olúfúnṣọ́ ọkọ mi ń darí mọ́tò ní Káńpù, kò ní í wálé títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mo ní kó fi orúkọ Àyànfẹ́ sínú àdúrà. Ó ní ṣé mo rò pé òun gbàgbé ni.

Sátidé, 7 oṣù Kẹta

Mo fẹ́ kọ èyí sílẹ̀ lónìí.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré tó ṣáájú àṣekágbá. Àwa mẹ́fà la kó orí jọ sórí fóònù mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, wọ́n fi àmì méjì jù wá lọ. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí Àyànfẹ́, ó wà lọ́nà jíjìn réré, ó gbé e sókè, ó jù ú. Àsìkò yẹn gan-an ni dátà mi yàn láti dúró. Bọ́ọ̀lù wà lójú òfurufú, kò lọ, kò bọ̀. Fisáyọ̀ àbúrò mi tó ń wò ó lórí fóònù tirẹ̀ ló kọ́kọ́ ké, ìgbà náà la tó mọ̀ pé ó wọlé.

Títí di ìsinsìnyí fóònù mi ò sinmi. Wọ́n ní orúkọ ọmọ mi ló wà lókè níbi tí wọ́n ń to ohun tí ayé ń sọ sí. Olúwa, ẹ ṣeun.

Sọ́ńdè, 8 oṣù Kẹta

Wọ́n gbá àṣekágbá lónìí, wọ́n gba ife náà. Ó ku ìdíje ńlá.

Fisáyọ̀ ò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti lọ sí Ifo lọ́dọ̀ Màámi. Ó ní òun fẹ́ ká fídíò ìyá àgbà tó ń kí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Wíìgì ló ń tà lórí TikTok, ohun tí èèyàn bá ń sọ ni òun náà ń bá wọn sọ kí ọjà lè lọ. Mo ní kó kí wọn kú ààwẹ̀.

Mọ́ńdè, 9 oṣù Kẹta

Fídíò Màámi ti jáde. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin èèyàn ti wò ó kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n fi ìborí funfun borí, ojú wọn ń dán bí ọ̀dọ́mọbìnrin. Ohun tí wọ́n sọ nìyí, oríkì Àyànfẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀:

"Àjíbíkẹ́ mi, ọmọ tó wọlé ayé nígbà tí ilẹ̀ ń mì. Ọjọ́ bọ́ǹbù Ìkẹjà ni mo gbẹ̀bí ẹ. Gbogbo Ifo ń sá, wọ́n ní ogun ti dé. Mo ní ẹni tó bá máa sá kó sá, èmi ò lọ síbì kankan, orí ọmọ ti yọ. Ọmọ tí bọ́ǹbù ò bà lẹ́rù, kí ló tún fẹ́ bà á lẹ́rù?"

Àwọn ọmọ ti ń fi ohùn wọn jó. Ọ̀kan kọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn sára aṣọ. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìgbà kẹta ni etí mi tó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

Nígbà tí mo ka ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ ẹ̀, ẹnì kan ti ṣáájú mi. Ó kọ ọ́ pé, "Bọ́ǹbù Ìkẹjà kẹ̀? Oṣù kìíní 2002 nìyẹn. 2004 ni wọ́n kọ síwájú orúkọ ọmọ yìí níléèwé ẹ̀." Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn ti fọwọ́ sí i.

 Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo ní orí ń fọ́ mi.

Mọ́ńdè kan náà, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Bí n kò bá kọ ọ́ síbí, níbo ni mo fẹ́ kọ ọ́ sí?

Èmi ni. Ọdún 2015, kóòṣì kan wá sí Ibafo, ó ní iléèwé kan l'Ékòó fẹ́ kó ọmọbìnrin tó ga, wọ́n á kọ́ wọn ní básíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á rán wọn níwèé lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ náà ò gbọdọ̀ tíì pé méjìlá. Àyànfẹ́ ti pé mẹ́tàlá. Iṣẹ́ tèmi sì ni ìwé títẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń bá àwọn oníbàárà tẹ ìwé ìbúra ọjọ́ orí tí wọ́n ń gbé lọ sí kóòtù, n kì í bi ẹnikẹ́ni bóyá òótọ́ ni. Mo tẹ ti ọmọ mi. Olúfúnṣọ́ fọwọ́ sí i níwájú akọ̀wé kóòtù, ó búra, a sì lámínéètì ẹ̀ kí òjò má baà pa á.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ìwé eléwé ogójì tí mo fi lé Àyànfẹ́ lọ́wọ́. Mo ní kí ọmọ kọ ọdún tuntun náà nígbà ogún kó má baà ṣì í pè. Ó kọ ọ́ tán, ó ní, "Mọ́mì, ṣé mo tún máa ṣe bọ́ọ̀sìdé mẹ́tàlá mi ni?" Mo ní á ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùn mọ́ ọn nínú.

Túsìdé, 10 oṣù Kẹta

Mo ní kí Fisáyọ̀ yọ fídíò náà kúrò. Ó yọ ọ́. Àwọn tó ti gbà á sórí fóònù ò lóǹkà. Ẹnì kan ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ Màámi sí gẹ̀ẹ́sì, ó kọ ọ́ sísàlẹ̀, ó sì túmọ̀ ẹ̀ dáadáa, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Fisáyọ̀ ń sunkún. Kò mọ̀ nípa ìwé ìbúra yẹn tẹ́lẹ̀, a ò sọ fún un. Màámi náà ò mọ̀. Ta ló ń lọ sọ irú ẹ̀ fún ìyá?

Wẹ́sìdé, 11 oṣù Kẹta

Ọ́fíìsì tó ń rí sí òfin eré ìdárayá níléèwé wọn ti pe Àyànfẹ́. Títí ìwádìí á fi parí, kò gbọdọ̀ bá wọn gbá bọ́ọ̀lù. Bó bá jẹ́ òótọ́ pé a parọ́ ọjọ́ orí rẹ̀, ó ti tán nìyẹn, wọ́n sì lè gba ife lọ́wọ́ gbogbo ẹgbẹ́. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè wọ́n fẹ́ bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ lójúkojú lórí fóònù, wọ́n á mú ògbufọ̀ wá.

Mo bi í pé kí ló sọ fún wọn. Ó ní, "Mo ní ohun tó wà nínú ìwé ni mo mọ̀." Kò pariwo, kò sunkún. Mo fẹ́ kó pariwo mọ́ mi.

Tọ́sìdé, 12 oṣù Kẹta

Olúfúnṣọ́ ò jẹun láti àná. Lálẹ́ yìí ló là á mọ́lẹ̀.

"Ìyá Àyànfẹ́, ẹnu Màámi nìkan ni ẹ̀rí tí iléèwé náà ní. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin. Bí wọ́n bá sọ pé àwọn ò rántí nǹkan dáadáa mọ́, ta ló máa bá àgbà jà?"

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ lọ bá wọn sọ ọ́."

"Ìyá ta ni?"

Ìyá mi ni. Mo máa lọ lọ́la.

Fúráìdé, 13 oṣù Kẹta

Mo gba Papalantó lọ. Owó mọ́tò ti tún lé. Mo bá Màámi lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀, tẹ̀súbáà lọ́wọ́, ètè wọn gbẹ nítorí ààwẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. N ò tíì dìde tí Àdìó bíríkìlà fi wọlé, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní wọ́n ń béèrè ọjọ́ ìbí òun ní káńsù, ìyá òun ti kú, òun ò sì mọ̀ ọ́n.

Màámi ò tilẹ̀ dákẹ́ rò ó. "Ọdún tí wọ́n pààrọ̀ owó ni. Ìyá ẹ kó owó àtijọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, ó ń rọbí, ó ń bi mí bóyá báńkì ṣì ń gbà á. Ìparí oṣù kẹrin, lọ́jọ́rú. Sọ fún akọ̀wé pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é n'Ifo. Ogójì ọdún ni Màámi, Alájà Mùnírátù, fi gbẹ̀bí, ẹni tí kò bá níwèé, ọ̀dọ̀ wọn ló ń wá. Akọ̀wé káńsù ò ní í bi ẹ ní ìbéèrè kejì tó o bá ti dárúkọ wọn.

Nígbà tí Àdìó lọ tán, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn, àtorí ìwé ìbúra dórí ohun tí Olúfúnṣọ́ wí. Wọ́n gbọ́ mi dópin.

"Ìbíwùnmí, nínú ààwẹ̀?"

Mo tún kúnlẹ̀.

"O fẹ́ kí n jókòó níwájú àwọn tí n ò mọ̀ rí kí n sọ pé orí mi ti dàrú. Ta ló yọ ọdún méjì náà?"

"Èmi ni, Màámi."

"Ṣé o bi mí kó o tó yọ ọ́?"

"Rárá, mà."

"Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbà á. O lọ yí i padà lẹ́yìn mi, o wá ń bẹ̀ mí kí n gbàgbé." Wọ́n mú tẹ̀súbáà wọn padà. "Tètè máa lọ, kó o lè rí mọ́tò."

Sátidé, 14 oṣù Kẹta

Òjò. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù jò sórí ẹ̀rọ fótókọ́pì. N ò bìkítà.

Sọ́ńdè, 15 oṣù Kẹta

Pásítọ̀ pè mí jáde kí n wá jẹ́rìí oore Ọlọ́run lórí ọmọ mi. Mo rìn dé iwájú, mo gba gbohùngbohùn, mo ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́," mo padà síjókòó. Wọ́n rò pé ayọ̀ ló pọ̀ jù fún mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Mọ́ńdè, 16 oṣù Kẹta

Aago méje àárọ̀ ni wọ́n kan géètì. Màámi ni, àwọn nìkan, báàgì kékeré lọ́wọ́. Ìdájí ni wọ́n ti kúrò n'Ifo. Wọ́n ò jẹ́ kí n kí wọn tán.

"Aago mélòó làwọn òyìnbó náà ń bọ̀?"

"Mẹ́rin, mà."

"Ó dáa. Fún mi níbi tí mo lè kírun sí."

N ò bi wọ́n léèrè ìdí. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má yí ọkàn padà.

Nígbà tó di aago mẹ́rin, òyìnbó méjì jáde lójú kọ̀ǹpútà, àti obìnrin Yorùbá kan tí wọ́n fi ṣe ògbufọ̀. Àyànfẹ́ wà nínú àpótí kékeré tirẹ̀ nísàlẹ̀. Ògbufọ̀ náà kí Màámi dáadáa, ó ní ẹ kú ààwẹ̀, mà. Ó béèrè bóyá wọ́n rántí ọjọ́ tí wọ́n bí Àyànfẹ́olúwa.

Màámi ní, "Ta ni?"

"Ọmọ-ọmọ yín, mà. Èyí tó ń gbá bọ́ọ̀lù."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ṣé èyí tó kú ni?"

Ògbufọ̀ ní kò kú, mà, òun nìyí. Màámi fi ojú wá a káàkiri, wọ́n ń wo ògiri. Ògbufọ̀ bi wọ́n nípa bọ́ǹbù. Wọ́n ní bọ́ǹbù wo, bọ́ǹbù ń dún lójoojúmọ́, ó dún láàárọ̀ yìí náà. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí mi, èmi tí wọ́n bí, wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu, wọ́n ní, "Màmá, ẹ kúulé o. Àwa ò tíì mọra. Ṣé ẹ ti pẹ́ níbí?"

Ìyá mi pè mí ní ẹ̀yin. Mo mọ̀ pé eré ni, omi ṣáà ń dà lójú mi, n ò lè dá a dúró. Ògbufọ̀ ní, "Ó tó, mà, ẹ má ṣèyọnu mọ́." Ohùn tirẹ̀ náà ti yí padà. Àyànfẹ́ ti tẹ orí ba, irun rẹ̀ nìkan ni mo ń rí.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà pa tán, Màámi tún ìborí wọn ṣe. Wọ́n ní, "Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀?"

"Ó tó, Màámi."

Wọn ò dúró ṣínu lọ́dọ̀ wa. Wọn ò sì jẹ́ kí n sìn wọ́n dé ibùdókọ̀.

Túsìdé, 17 oṣù Kẹta

Wọ́n ti dá a sílẹ̀. Yóò gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Fúráìdé. Olúfúnṣọ́ kúnlẹ̀ sí pálọ̀, ó ń kọrin. Mo bá a kọ ọ́.

Iléèwé wọn gbé ọ̀rọ̀ jáde pé ìyá àgbà ti darúgbó, ọpọlọ wọn ò fi bẹ́ẹ̀ dá ṣáṣá mọ́, kí ayé jọ̀ọ́ fi ìdílé sílẹ̀. Ìyẹn náà ti ń jà ràn-ìn. Àwọn òyìnbó ń fi àwòrán ọkàn pupa ránṣẹ́ sí Màámi. Àwọn tiwa ò mọ̀ ju yẹ̀yẹ́ lọ: ọmọkùnrin kan ti fi aṣọ borí, ó ń bi ìyàwó ẹ̀ pé ta ni ẹ́. Èèyàn mílíọ̀nù kan ti wò ó.

Wẹ́sìdé, 18 oṣù Kẹta

Fisáyọ̀ pè láti Ifo. Akọ̀wé káńsù ti dá Àdìó padà, ó ní kó lọ wá ẹlòmíràn tó máa jẹ́rìí sí ọjọ́ orí rẹ̀, àwọn ti gbọ́ pé ìyá yẹn ò rántí nǹkan mọ́. Àwọn obìnrin àdúgbò ń gbé oúnjẹ wá fún Màámi, wọ́n ń la ọ̀rọ̀ sí wọn létí bí ẹni tó ń bá adití sọ̀rọ̀, wọ́n ń júwe ilé ìwẹ̀ fún wọn nínú ilé tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́.

"Kí ni Màámi wá ń ṣe?"

"Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, Àǹtí. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé eré ni."

Mo ní kó má sọ fún Àyànfẹ́. Ó ní òun ti sọ ọ́.

Tọ́sìdé, 19 oṣù Kẹta

Àyànfẹ́ pè mí ní aago mẹ́ta ọ̀sán.

"Mọ́mì, mo ti sọ fún wọn."

"O sọ kí ni fún ta ni?"

"Mo sọ òótọ́ fún wọn. Mo ní orí Màámi pé ju orí gbogbo wa lọ."

N ò fẹ́ parọ́ nínú ìwé ara mi. Mo bú u. Mo ní ọmọ aláìmoore ni, mo ní ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń gbé ẹ̀rù kiri nítorí rẹ̀, mo ní ta ló rán an níṣẹ́. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, "Ẹ ò rí bí Màámi ṣe ń wò yín lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Mọ́mì. Ẹ̀yin ń sunkún. Èmi rí i."

Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́. Wọ́n á jẹ́ kó parí ìwé rẹ̀ ní oṣù karùn-ún, oore kóòṣì ni. Ife tí wọ́n gbà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá a padà. Àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ò bá a sọ̀rọ̀. Ọlọ́run, kí ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣe yìí?

Fúráìdé, 20 oṣù Kẹta

Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Mo wà n'Ifo láti àárọ̀, mò ń bá wọn ro ẹ̀bà, mò ń fọ abọ́. Màámi ò bá mi sọ ju ọ̀rọ̀ iyọ̀ àti omi lọ. Wọ́n ti gbọ́. Inú ń bí wọn, kì í sì í ṣe sí èmi nìkan.

"Ọmọ yẹn ò lójútì," ni wọ́n sọ fún Fisáyọ̀. "Mo parọ́ nínú oṣù ààwẹ̀ nítorí ẹ̀, ó lọ dà á nù. Irọ́ náà ṣì wà lọ́rùn mi, ohun tí mo tìtorí ẹ̀ pa á ò sí mọ́."

Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ẹgbẹ́ Àyànfẹ́ ti wọ pápá láìsí i. Fisáyọ̀ fẹ́ wò ó, mo ní kó gbé e jìnnà sí mi. Wọ́n ń nà wọ́n. Àárín yẹn ni fóònù Màámi dún. Àyànfẹ́ ni, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ojú rẹ̀ wú. Ó kúnlẹ̀ níbẹ̀, lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Màámi, ẹ kú ọdún. Ẹ má bínú sí mi."

Màámi wò ó títí. Àwọn àlejò yí wọn ká. Àdìó wà láàárín wọn, ó mú abọ́ dání, kò jẹun.

"Mo ti gbàgbé," ni Màámi wí. "Ṣebí wọ́n ní mo ti gbàgbé. Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Mẹ́rìnlélógún, Màámi."

"N ò gbọ́."

"Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, mà. Ọjọ́ bọ́ǹbù Ìkẹjà."

Màámi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni," wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. N ò rí i kí wọ́n sunkún láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Láti ọjọ́ tí mo ti fún ọmọ yẹn ní ìwé eléwé ogójì, n ò tíì gbọ́ ọjọ́ orí rẹ̀ gan-an lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo fẹ́ gba fóònù lọ́wọ́ Màámi kí n bẹ Àyànfẹ́. Wọn ò fún mi. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ń dúró kó kàn mí.